Gígun Kẹ̀kẹ́ Gba Àfonífojì Odò Wye: Láti Chepstow Dé Hereford

Ẹni tó bá wo àwòrán ilẹ̀ lóréfèé yóò rò pé ìrìn-àjò yìí rọrùn. Odò Wye ń ṣàn bọ̀ láti orí òkè Plynlimon ní àárín Wales, ó ń rìn ju 200 kìlómítà lọ kó tó já sí ẹnu odò Severn ní Chepstow, ọ̀pọ̀ ibi ló sì ti jẹ́ ààlà láàárín Wales àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ọkàn máa ń sọ fúnni ni pé bí a bá ṣáà ti tẹ̀ lé etídò, ilẹ̀ yóò máa tẹ́jú lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Omi ti fi ọdún tí kò lóǹkà gbẹ́ ọ̀nà tirẹ̀ láàárín àpáta; ọ̀nà ọkọ̀ kì í fi gbogbo ìgbà rí àyè létídò, nítorí náà á fi odò sílẹ̀, á gòkè, á tún sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé rẹ̀ níwájú. Ìgbàkigbà tí ọ̀nà bá kọ ẹ̀yìn sí odò, itan ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ni yóò san gbèsè rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tí ọ̀nà ti ń fi odò sílẹ̀, tó sì mọ ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ti lè gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta láìwá ibi ìsinmi, tó sì fẹ́ gbìyànjú òkè. Gbogbo ọ̀nà náà tó nǹkan bí 75 kìlómítà. Láti Chepstow dé Monmouth tó bí 26. Láti Monmouth dé Symonds Yat, 8 tàbí 9. Láti ibẹ̀ dé Ross-on-Wye, bí 13. Láti Ross dé Hereford gba Hoarwithy, bí 26 mìíràn. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè parí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ní tèmi, ọjọ́ méjì ni mo máa ń fún un, tí mo sì máa ń sùn ní Monmouth, nítorí pé ẹni tó bá ń bá aago sáré kò ní rí èyí tó pọ̀ nínú ohun tó mú kí àfonífojì yìí yẹ ní wíwò.

Ẹ ka gíga òkè kí ẹ tó ka máìlì

Kí ẹ tó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́, ẹ jókòó ti àwòrán ilẹ̀. Èyí tí àjọ Ordnance Survey ń tẹ̀ jáde, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ OL14, kó ọ̀nà yìí mọ́ra láti Chepstow títí dé agbègbè Ross. Ẹ máa wá nǹkan méjì lórí rẹ̀. Èkíní ni àwọn ìlà tín-ín-rín tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn: níbi tí wọ́n bá ti sún mọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí, ògiri ni ẹ fẹ́ gùn yẹn. Èkejì ni àmì ọfà tí wọ́n máa ń yà sójú ọ̀nà. Ọfà kan túmọ̀ sí pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀ wà láàárín ìdá 14 sí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ni pé tí ẹ bá rin 100 mítà síwájú, ẹ ó ti gòkè tó mítà 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọfà méjì túmọ̀ sí pé ó le ju ìyẹn lọ. Ṣónṣó ọfà máa ń kọjú sí ìsàlẹ̀ òkè. Bí ẹ bá rí i tó kọjú sí yín nínú ìrìn yín, òkè lẹ fẹ́ gùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka tẹ̀ lé ọ̀nà náà, kí ẹ sì máa sàmì sí gbogbo ibi tó bá ti rékọjá odò tàbí tó ti yà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lójú ọ̀nà tiwa yìí, mẹ́rin ni ibi pàtàkì tí odò àti ọ̀nà ti máa ń pínyà: lẹ́yìn Chepstow, ní Bigsweir fún ẹni tó bá fẹ́, lẹ́yìn Symonds Yat, àti lẹ́yìn Ross. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé pélébé kan, kí ẹ fi í sápò. Fóònù dára, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọọ̀kì kì í fi bẹ́ẹ̀ wọnú àfonífojì tó jìn báyìí. Tí ẹ bá fẹ́ lo àwòrán ilẹ̀ orí fóònù, ẹ ti gbà á sílẹ̀ láti ilé.

Kẹ̀kẹ́, táyà àti eyín jíà

Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ títì tí wọ́n ń tà lónìí ló ní eyín 50 àti 34 níwájú. Ẹ̀yìn ló yẹ kí ẹ fojú sí. Ẹ jẹ́ kí èyí tó tóbi jù lọ níbẹ̀ ní eyín 32 tàbí 34. Bí iwájú bá jẹ́ 34 tí ẹ̀yìn náà jẹ́ 34, bí ẹsẹ̀ bá yípo lẹ́ẹ̀kan, táyà á yípo lẹ́ẹ̀kan. Kò yá, ṣùgbọ́n ẹ ó máa lọ. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú ìnira. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, kẹ̀kẹ́ tí mo yá lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù kan ní eyín 25 péré lẹ́yìn. Ẹni tó yá mi ní kẹ̀kẹ́ fi dá mi lójú pé òkè ibẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn gun òkè St Briavels, mo ń ti kẹ̀kẹ́ lọ bí ẹni tó ń ti ọmọlanke, tí àgbàlagbà obìnrin kan sì gun tirẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó tún ń kí mi ẹ kú iṣẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Táyà tó fẹ̀ tó mílímítà 28 ni mo rò pé ó kéré jù, 32 sì sàn jù ú lọ, nítorí pé apá kan ọ̀nà yìí jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́. Ẹ má fẹ́ ẹ le gbagidi. Táyà tó le jù á máa ta sókè lórí gbogbo òkúta, ọwọ́ yín ni yóò sì jẹ ìyà náà. Ẹ tẹ bírékì méjèèjì kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ wo rọ́bà wọn bóyá ó ti jẹ tán. Ní ilẹ̀ olókè, bírékì ṣe pàtàkì ju jíà lọ.

Kò sí fọ́kànáísà lẹ́bàá ọ̀nà níhìn-ín. Ẹni tí táyà rẹ̀ bá jò ló máa tún un ṣe fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ mú túùbù méjì, irin ìyọ táyà méjì àti póńpù kékeré dání, kí ẹ sì ti fi dánra wò nílé rí. Ẹ yọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó kù jáde tán, kí ẹ ti irin kan bọ abẹ́ etí táyà ní òdìkejì ẹnu túùbù, ẹ gbé e, ẹ ti èkejì bọ̀ ọ́ ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí i, kí ẹ sì fà á yípo. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣàṣìṣe ló kàn yìí: wọ́n á fi túùbù tuntun sí i lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tó rin kìlómítà kan yóò tún jò. Ẹ kọ́kọ́ fi ìka ra inú táyà yípo, jẹ́jẹ́, títí ẹ ó fi kan ohun tó gún un. Ní àfonífojì yìí, ẹ̀gún ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí pé láti oṣù kẹsàn-án títí wọ inú òtútù làwọn àgbẹ̀ ń gé ọgbà ẹlẹ́gùn-ún tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, tí ṣákítí rẹ̀ sì máa ń wà káàkiri ojú títì. Ẹ fà á yọ látìta, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú túùbù tuntun kó lè rí bìrìkìtì, ẹ tò ó wọlé, kí ẹ sì fi àtàǹpàkò méjèèjì ti etí táyà padà. Ẹ má fi irin tì í, torí irin á bu túùbù tuntun náà jẹ.

Oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ wọ́n lápò. Ìpékeré ni mo máa ń gbé, torí iyọ̀ inú rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ìgò omi méjì.

Àkókò tó dára, àti bí a ṣe ń dé Chepstow

Oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án ló dára jù. Nígbà yẹn, ilẹ̀ kì í tètè ṣú. Nínú oṣù kẹfà, ìmọ́lẹ̀ ṣì máa ń wà lójú ọ̀run ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Nígbà òtútù, odò Wye máa ń kún kọjá ẹnu rẹ̀. Àkúnya oṣù kejì ọdún 2020 wọ ilé àwọn èèyàn ní Hereford àti Monmouth, etídò tó tẹ́jú tí ẹ fẹ́ gùn sì ni omi máa ń kọ́kọ́ gbà.

Chepstow ní ibùdókọ̀ ojú irin lórí ọ̀nà tó so Gloucester mọ́ Newport. Ẹni tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù yóò pààrọ̀ ọkọ̀ ní ọ̀kan nínú méjèèjì. Lórí àwọn ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ ọ̀nà jíjìn, ó sábà máa ń di dandan kí ẹ ti gba àyè sílẹ̀ fún kẹ̀kẹ́, ẹ má sì fi èyí ṣeré. Àwa tó ń gbé Bristol ní oríire tiwa: afárá Severn àkọ́kọ́, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1966, ní ọ̀nà kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ó máa gùn ún lọ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ òkun légbèé, omi aláwọ̀ ilẹ̀ nísàlẹ̀. Tí ìjì bá ń jà, wọ́n máa ń tì í pa.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé: ọwọ́ òsì ni gbogbo ọkọ̀ ń gbà níhìn-ín. Láti 1972 ni Nàìjíríà ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún, ara sì máa ń gbàgbé, pàápàá lówùúrọ̀ lẹ́yìn ìsinmi, nígbà tí ẹ bá jáde látinú ọgbà kan sójú títì tí kò sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀ láti rán yín létí. Ọ̀nà tí wọ́n kọ sí pé ti ẹlẹ́sẹ̀ ni kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́. Èyí kan ọ̀nà tó tẹ̀ lé yàrà Offa, tí ẹ ó máa rí àmì rẹ̀ káàkiri. Ọba Offa ilẹ̀ Mercia, tó jọba láti 757 dé 796, ni wọ́n ń fi orúkọ yàrà náà pè.

Láti Chepstow dé Tintern

Ẹ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etídò, níbi tí afárá onírin tí wọ́n ṣí lọ́dún 1816 ti so Wales mọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ nígbà tí omi òkun ti fà sẹ́yìn, ẹrẹ̀ gíga ni ẹ ó rí lápá méjèèjì, odò á sì wà nísàlẹ̀ bí ìṣàn kékeré. Ẹ padà wá lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, omi ti kún bo gbogbo rẹ̀. Kíkún àti fífà omi ní ẹnu odò Severn wà lára èyí tó ga jù lágbàáyé. Lórí àpáta lókè odò ni ilé olódi Chepstow wà, tí William FitzOsbern bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ lọ́dún 1067, ọdún kan péré lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wọlé lọ wo ilẹ̀kùn rẹ̀. Igi óákù tí wọ́n fi irin bò ni, ó ti wà láti nǹkan bí ọdún 1190, ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ló sì wà títí di 1962 kí wọ́n tó gbé e sínú ilé.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀nà A466 gòkè gba St Arvans. Èkejì bẹ̀rẹ̀ láti apá Tutshill lódìkejì odò, ó sì gba ojú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ tí wọ́n sọ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́ lọ́dún 2021. Inú ihò Tidenham, tó gùn ju kìlómítà kan lọ lábẹ́ òkè, ni ẹ ó gbà kọjá. Ó tẹ́jú, ó tutù, kò sí ọkọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹwàá títí dé ìparí oṣù kẹta ni wọ́n máa ń tì í nítorí àdán tó ń sùn nínú rẹ̀, iná ara kẹ̀kẹ́ sì ṣe pàtàkì níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ẹni tó bá mú ọmọdé dání, ẹ gba ibẹ̀.

Èmi a máa gba òkè, torí pé ìtàn kan wà ní St Arvans tí kò yẹ kí ọmọ Áfíríkà kọjá lára rẹ̀ láìwò. Ilẹ̀ tí pápá eré ìje ẹṣin Chepstow wà jẹ́ apá kan Piercefield, ọgbà ńlá tí Nathaniel Wells rà lọ́dún 1802. Wọ́n bí Wells lọ́dún 1779 ní erékùṣù St Kitts. Bàbá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó oníṣòwò ṣúgà láti Cardiff, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ẹrú nínú ilé bàbá náà. Bàbá rẹ̀ rán an wá kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọrọ̀ sílẹ̀ fún un. Lọ́dún 1818, wọ́n fi aláwọ̀ dúdú yìí jẹ High Sheriff (aṣojú ọba) ní agbègbè Monmouthshire, oyè tí a kò tíì gbọ́ pé aláwọ̀ dúdú kan jẹ rí ní ilẹ̀ Bìrìtéènì ṣáájú rẹ̀. Síbẹ̀, owó tó fi ra òkè yìí, oko ìrèké ni ó ti wá, òun fúnra rẹ̀ sì ní ẹrú ní St Kitts. Òkúta ìrántí rẹ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì St Arvans. Ahoro ilé náà ṣì dúró nínú pápá, ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń dé ibẹ̀; ẹ so kẹ̀kẹ́ mọ́ nǹkan kan tó lágbára. Mo ti dúró níwájú àwọn fèrèsé rẹ̀ tó ṣófo lẹ́ẹ̀mẹta, n kò sì tíì mọ̀ bóyá kí n yọ̀ tàbí kí n bínú.

Lẹ́yìn St Arvans, ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ àpáta Wyndcliff kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀ sí Tintern. Ìsọ̀kalẹ̀ yìí ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù lọ ní gbogbo ìrìn náà. Igi bò ó mọ́lẹ̀, oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ kàn án, nítorí náà ojú títì lè tutù nígbà tí gbogbo ibòmíràn ti gbẹ. Ẹ fi ọwọ́ di ìsàlẹ̀ hándù, kí ìka méjì wà lórí bírékì kọ̀ọ̀kan, kí ìdí yín sún sẹ́yìn díẹ̀ lórí ìjókòó. Ẹ dín eré kù kí ẹ tó wọ kọ́nà, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá ti wà nínú rẹ̀. Bírékì iwájú ló ń dá kẹ̀kẹ́ dúró jù, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fún un pa lójijì nígbà tí kẹ̀kẹ́ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ilẹ̀ ni ẹ ó bá ara yín. Ẹ máa tẹ méjèèjì, ẹ máa tú wọn sílẹ̀, kí ojú yín máa wo ibi tí ẹ fẹ́ jáde sí. Lóṣù kẹwàá ọdún kan, ewé tútù gbá táyà ẹ̀yìn mi lọ níbẹ̀, inú koríko ni mo sì ti bá ara mi, pẹ̀lú ṣòkòtò tó ya lórúnkún. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti rí ewé lójú ọ̀nà, ńṣe ni mo máa ń gbé kẹ̀kẹ́ dúró ṣánṣán kọjá lórí rẹ̀ láìtẹ bírékì rárá.

Bí igi bá ti là, ẹ ó rí ahoro ilé ẹ̀sìn Tintern níwájú, òrùlé kò sí, ògiri àti fèrèsé gíga nìkan ló kù. Walter de Clare dá a sílẹ̀ lọ́dún 1131 fún àwọn mọ́ńkì ẹgbẹ́ Cistercian. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí ẹ ń wò yìí, 1269 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí Ọba Henry Kẹjọ tú irú ilé bẹ́ẹ̀ ká, tirẹ̀ kan án lọ́dún 1536. Òjé orí òrùlé rẹ̀ níye lórí, wọ́n ṣí i lọ, òjò sì ṣe ìyókù. Àárọ̀ ni kí ẹ dé ibẹ̀, kí bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn-àjò tó dé. Bí ẹ bá kọjá abúlé náà díẹ̀, ibùdó ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ kan ti di ibi tí wọ́n ti ń ta tíì àti àkàrà òyìnbó. Ẹ kún ìgò omi yín níbẹ̀.

Bigsweir: òkè tàbí etídò

Láti Tintern, ọ̀nà àti odò rẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ẹ ó sì gba Llandogo kọjá pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ní afárá Bigsweir, tó fún, ẹ ó sọdá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni kíkún àti fífà omi òkun ń dé mọ. Lókè rẹ̀, odò kò tún gba àṣẹ òkun mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ tààrà, kí ó máa bá A466 lọ gba Redbrook, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ bàbà láti ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, tí wọ́n sì ń ṣe páànù títí di 1961. Kò sí ìgòkè tó le níbẹ̀ dé Monmouth.

Ẹni tó bá fẹ́ òkè, ọwọ́ ọ̀tún lẹ́yìn afárá ni. St Briavels wà ní nǹkan bí 240 mítà lókè ìtẹ́jú òkun, ibi tí ẹ dúró sí yìí kò sì fi bẹ́ẹ̀ ga ju òkun lọ, nítorí náà ẹ lè fúnra yín ṣírò ohun tó kù. Ẹ wọ jíà tó rọrùn jù kí òkè tó bẹ̀rẹ̀, torí ṣéènì tí ẹ bá fi ipá yí nígbà tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́ gidigidi lè já tàbí kó bọ́. Ẹ jókòó, ẹ má dìde. Ẹ máa mí kíkankíkan kí ìmí yín má bàa fọ́n, kí ẹ sì gun ún ní ìwọ̀n tí ẹ fi lè sọ gbólóhùn kúkúrú kan láìdákẹ́. Tí ẹ kò bá lè sọ ọ́ mọ́, ẹ ti yára jù. Lókè, ilé olódi kan wà tí ọba John máa ń lò nígbà tó bá wá ṣọdẹ nínú igbó Dean. Àwọn ilé ìṣọ́ méjì ẹnubodè rẹ̀ ni Ọba Edward Kìíní kọ́ ní 1292 sí 1293. Ẹ padà sọ̀ kalẹ̀ sí Bigsweir, kí ẹ sì máa bá odò lọ.

Monmouth

Ẹ wọ ìlú, ẹ lọ wo afárá Monnow, tó ní ilé ìṣọ́ lórí ara rẹ̀ gan-an. Kò sí irú rẹ̀ mọ́ tó ṣì dúró ní gbogbo ilẹ̀ Bìrìtéènì. Ọba Henry Karùn-ún, tó ṣẹ́gun ní Agincourt lọ́dún 1415, inú ilé olódi ìlú yìí ni wọ́n bí i sí. Ère Charles Rolls, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá Rolls-Royce sílẹ̀, wà ní gbàgede ìlú. Ó di ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan mú lọ́wọ́, irú èyí tó já lulẹ̀ tó sì pa á lọ́dún 1910. Ẹ jẹun dáadáa, ẹ sùn.

Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ lọ sí Symonds Yat

Lówùúrọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí fóònù darí yín sórí A40. Ọ̀nà eré sísá ni, ọkọ̀ ńlá pọ̀ lórí rẹ̀, kẹ̀kẹ́ kò sì ní àyè tó bójú mu níbẹ̀. Ẹ tún sọdá afárá Wye padà, ẹ yà sí ọwọ́ òsì sójú Hadnock Road, kí ẹ tẹ̀ lé e títí yóò fi di ọ̀nà òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní Peregrine Path, tí wọ́n fi orúkọ ẹyẹ àṣá ibẹ̀ sọ. Ojú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ lèyí náà jẹ́, ẹ ó sì rántí ohun tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ nípa ọ̀nà ọkọ̀ tó máa ń fi odò sílẹ̀. Tibí yàtọ̀: ọkọ̀ ojú irin kì í lè gun òkè tó le, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn tó kọ́ ọ fi lẹ̀ mọ́ odò bí ìgbín mọ́ ìkarahun. Ibi gbogbo tí ẹ bá ti rí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ ní ilẹ̀ olókè, ẹ gbà á. Ẹ dín eré kù nítorí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ àti ajá, ẹ má sì sọdá afárá olókùn tí ẹ ó rí lọ́wọ́ òsì.

Ní Symonds Yat East, ẹnì kan ń fi ọwọ́ fa okùn tó gba orí odò kọjá láti fi ọkọ̀ ojú omi gbé èèyàn sódìkejì. Ẹni tó bá ní okun tó kù lè gun orí àpáta Yat, tó ga ju 100 mítà lọ sórí omi, láti rí bí odò ti yí po débi pé ó wà lápá méjèèjì ẹni. Ìgòkè náà kúrú, ó sì burú.

Goodrich àti Ross

Ọ̀nà náà yóò sọ yín sí afárá Huntsham, lẹ́yìn rẹ̀ Goodrich. Ilé olódi ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí tó wà lójú ọ̀nà yìí: ilé gíga aláwọ̀ eérú ti ọ̀rúndún kejìlá wà láàárín, ògiri òkúta pupa tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ yí i ká. Lọ́dún 1646, nígbà ogun abẹ́lé, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Birch fi àgbá kan tí wọ́n rọ ládùúgbò fọ́ ọ. Ọta rẹ̀ kan wúwo tó nǹkan bí 90 kílò. Wọ́n pe àgbá náà ní Roaring Meg nítorí ìró rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìró ìbọn ṣe fún ogun Kìríjì lórúkọ nílé wa láàárín 1877 sí 1893. Àgbá náà ṣì wà nínú ọgbà, ẹ lè fi ọwọ́ kàn án.

Láti Goodrich, ẹ gba afárá Kerne àti Walford dé Ross. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀. Ilé ọjà àtijọ́ ti òkúta pupa wà láàárín ìlú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹ jókòó sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ jẹ ìpékeré tó kù.

Hoarwithy títí dé Hereford

A49 ló yá jù dé Hereford, òun ni kí ẹ sá fún jù. Ẹ kọjá afárá Wilton, ẹ fara balẹ̀ gan-an ní oríta ńlá tí A40 àti A49 ti pàdé, kódà ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ ti kẹ̀kẹ́ sọdá bí ọkọ̀ bá pọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ yà sí ọ̀tún ní agbègbè Bridstow sójú ọ̀nà kékeré tó lọ sí Hoarwithy. Òkè wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀, ọ̀kan kì í parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, oko ápù tí wọ́n fi ń ṣe sáídà sì wà lápá méjèèjì. Ibí ni mo ti ń rí i tó máa ń rẹ àwọn èèyàn, torí pé wọ́n ti fi gbogbo agbára wọn ṣòfò lówùúrọ̀. Ẹ máa jẹun díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú 40, kí ebi tó pa yín.

Ní Hoarwithy, ẹ gbójú sókè: ṣọ́ọ̀ṣì kan tó jọ ti ilẹ̀ Ítálì, pẹ̀lú ilé agogo onígun mẹ́rin, dúró lórí òkè abúlé kékeré yìí. Àlùfáà William Poole ni kò fẹ́ràn ilé bíríkì tó bá níbẹ̀, ló bá gbé iṣẹ́ fún ayàwòrán ilé J. P. Seddon pé kó kọ́ òmíràn bò ó. Láti ibẹ̀ ẹ ó gun òkè kan sí i gba Little Dewchurch, lẹ́yìn náà ẹ ó máa sọ̀ kalẹ̀ wọ Hereford.

Ẹ so kẹ̀kẹ́ yín mọ́ ibi tí wọ́n pèsè fún un nítòsí kàtídírà, kí ẹ sì ti wo ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn kí ẹ tó kúrò nílé. Àwòrán ayé kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n yà sórí awọ màlúù kan ṣoṣo ní nǹkan bí ọdún 1300. Ìlà oòrùn ló wà lókè rẹ̀, Jerúsálẹ́mù wà láàárín gbùngbùn. Ẹ wá orúkọ ilẹ̀ wa lórí rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ṣi nǹkan kan gbé: orí Yúróòpù ló kọ Áfíríkà sí, ó sì kọ Yúróòpù sórí Áfíríkà, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá tó dára gan-an. Ibùdókọ̀ ojú irin kò jìnnà síbẹ̀. Ẹni tó fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní Chepstow yóò wọ ọkọ̀ lọ sí Newport, á sì pààrọ̀ níbẹ̀.